Ibi Tí Omi Ń Gbà Lẹ́yìn Ilé Àǹtí Rùkáyátù

"Lateef, máa wo iná yẹn o. Má jẹ́ kí òróró jóná."

Ohun tí Àǹtí Rùkáyátù bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, àwọn fẹ́ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Mo wo iná. Òróró kò jóná. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo sẹ́ òróró sínú kẹ́ẹ̀gì, mo wọlé lọ sọ fún wọn pé mo ti ṣe é tán. Wọn ò dá mi lóhùn.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé wọ́n ní in. Ọjọ́ yẹn náà la sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Àwọn kan ní Àǹtí ló fa omi wọ ìlú. Àwọn kan ní wọ́n fi ilẹ̀ ẹbí tọrẹ fún àlejò. Irọ́ ni. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí. Mi ò mọ̀wé púpọ̀, mi ò ní fà á gùn.

Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi nígbà tí bàbá mi kú, tí ìyá mi lọ fẹ́ ọkọ mìíràn sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn náà ti lọ́kọ rí, ní Ìbẹ̀jú. Wọn ò bímọ. Ọkọ fẹ́ ìyàwó mìíràn, Àǹtí sì kó ẹrù wọn padà wá sílé. Ẹbí fún wọn ní yàrá tí ìyá wọn gbé, wọ́n tún fún wọn ní àyè lẹ́yìn ilé láti máa dáná. Àyè yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Òun ni wọ́n fi tọ́ mi.

Òróró àgbọn ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á fọ́ àgbọn, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á gbé omi náà kaná títí òróró á fi léfòó. Àwọn obìnrin VGC, ẹ̀sítéètì àwọn olówó, máa ń rán dírẹ́bà wá rà á. Wọ́n fi ń pa irun, wọ́n fi ń pa ọmọ lára. Àǹtí á ní, "Lateef, gbogbo orí tó ń dán ní VGC, ọwọ́ mi ló ti wá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi máa wúkọ́.

Abúlé wa, Ìtún-Àgbọn, wà lẹ́yìn Awoyaya, lápá ọ̀sà. Nígbà kan, igi àgbọn ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ní báyìí, ẹ̀sítéètì ló yí wa ká. Wọ́n da yanrìn sórí ilẹ̀ wọn kí wọ́n tó kọ́lé, ilẹ̀ wọn wá ga, tiwa wà nísàlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi wọn á wá bá wa.

Èmi ni mo kọ́ ilé ìdáná Àǹtí. Lébírà ni mí ní Awoyaya, mo máa ń gbé búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Àwọn pákó tí wọn ò lò mọ́ ní sáìtì ni mo fi kàn án, mo fi páànù bò ó. Bí o bá wọ ibẹ̀, o ò ní rí nǹkan kan nílẹ̀ àfi ààrò. Àǹtí ti fi okùn so ohun gbogbo kọ́ òkè: iyọ̀, ìṣáná, asẹ́, bàtà, àpótí ìjókòó wọn pàápàá. Nítorí omi ni.

Fúnláyọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. "Àǹtí, ṣé kíṣìnnì lèyí ni àbí ìsọ̀ alápatà?"

Àǹtí á dáhùn pé, "Máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí omi bá gbé bàtà rẹ lọ sí Ìkòròdú, ọ̀dọ̀ mi lo máa wá yá bàtà."

Wọ́n ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òjò ń ba Àǹtí gidi. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, wọn ò ní lè jókòó mọ́. Wọ́n á jáde, wọ́n á wo apá òkun, wọ́n á wọlé, wọ́n á tún jáde. Wọ́n á kó àgbọn tí wọ́n ti rin sókè. Wọ́n á ní kí n wá wo páànù. Mo á wò ó, mo á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n á ní kí n tún un wò.

Lọ́dún yìí, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, àjọ kan wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Tolúwani ló ṣáájú wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn olówó ní Oniru ló ń gbé. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó ní àjọ òun fẹ́ bá wa la gọ́tà tí omi máa gbà dé ọ̀sà. Àwọn máa mú símẹ́ǹtì àti irin wá, àwa la máa gbẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun kọ́ ni òun máa sọ ibi tí gọ́tà máa gbà. Àwa la máa sọ ọ́.

Bàbá Àbọ̀, olórí ẹbí wa, béèrè pé, "Ṣé ẹ ò ní ẹnjiníà ni?"

"A ní, Bàbá. Ó máa wá. Ṣùgbọ́n kò gbé ibí rí. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi hàn wá."

Bàbá Àbọ̀ wò ó bí ẹni ń wo ọlọ́jà tó kọ̀ láti dá iye lé ọjà rẹ̀.

Tolúwani ní ká pàdé ní Sátidé, níwájú ilé ńlá ẹbí. Ó ní a máa ya abúlé wa sórí yanrìn. Kí olúkúlùkù mú ohun kan wá láti ilé rẹ̀, ohunkóhun, kó fi dúró fún ilé yẹn. Ìyẹn dùn mọ́ àwọn ènìyàn. Àyúbà ọlọ́kadà mú àgádágodo wá. Ó ní títì ni ilé òun máa ń wà nígbà gbogbo, kí wọ́n má rò pé òun ń bínú. Fúnláyọ̀ mú ìdérí ìkòkò. Bàbá Àbọ̀ ṣí fìlà orí wọn, wọ́n fi í lélẹ̀. Àǹtí mú ìlàjì èèpo àgbọn.

Tolúwani fa ìlà kan, ó ní ọ̀nà Awoyaya nìyẹn. Ó gbé igi lé Fúnláyọ̀ lọ́wọ́, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ya abúlé.

"Mọ́sáláṣí ò sún mọ́ ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ jàre. Ṣé ẹ fẹ́ kí Àlùfáà máa lúwẹ̀ẹ́ lọ pe ìrun ni?"

"Gbé e sọ́tùn-ún. Ọ̀tún ọwọ́ tí o fi ń jẹun, kì í ṣe ti ìdí."

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Tolúwani gbé abọ́ eérú kalẹ̀. Ó ní ká da eérú sí ibi tí omi máa ń gbà bí òjò bá rọ̀, ká dà á sí gbogbo ilé tó máa ń wọ̀.

Gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ la gbójú lé lọ́dọ̀ wa. Ẹbí ń ta ilẹ̀ jẹun. Bí wọ́n bá gbọ́ pé omi ń wọ ilẹ̀ rẹ, ta ló máa rà á? Ohun kejì burú ju ìyẹn lọ. Níbì kan tí kò jìnnà sí wa, àwọn kan ti wá béèrè rí pé ilé wo ni omi ń wọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ fi hàn wọ́n. Ọ̀dà pupa ni wọ́n bá lára ògiri wọn lẹ́yìn náà. Kátakátá ló tẹ̀lé ọ̀dà, ó wó ilé wọn.

Àyúbà bá bu eérú. Ó dà á láti ògiri ẹ̀sítéètì lọ sí ọ̀sà. Ó dà á tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yà á sọ́tùn-ún sósì, kò kan ilé ẹnikẹ́ni. Omi tó mọ̀wà á hù ni. Gbogbo ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Orí búlọ́ọ̀kù ni àwọn kan dúró sí tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀, torí omi òjò àná ṣì wà lẹ́bàá ibi tí a wà.

Tolúwani kò bá wa jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká lọ rìn ín."

A bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀sítéètì. Bí a bá ti fẹ́ dé ibi tí omi máa ń wà, gbogbo ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin á ká ṣòkòtò. Àwọn obìnrin á bọ́ bàtà, wọ́n á ká ìró sókè. Kì í ṣe pé wọ́n ronú sí i. Ẹsẹ̀ wọn ló mọ ibẹ̀. Ibi tí Àyúbà ní ó gbẹ náà ni.

Àǹtí ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Àyúbà! Ilẹ̀ gbígbẹ lo ń ká ṣòkòtò sí?"

"Àǹtí, ooru ló ń mú mi."

"Ooru orúnkún?"

Ẹ̀rín pa wá. Bàbá Àbọ̀ pàápàá ti mú bàtà wọn lọ́wọ́, wọn ò mọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tún wọ̀ ọ́ nínú ẹrọ̀fọ̀.

A ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí a fi dé ẹ̀yìn ilé wa. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán. Omi gba abẹ́ pákó wọ ilé ìdáná Àǹtí, ó yí ààrò ká, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó kọjá lọ sí ọ̀sà. Tààrà ló lọ. Tolúwani wo omi, ó wo àwọn ohun tó so rọ̀ lókè.

Àǹtí ní, "Ẹ má bínú o, kíṣìnnì mi ò rí bó ṣe yẹ."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn wọn ò ti balẹ̀ mọ́. Tolúwani ní a máa tún pàdé, a máa tún un yà. Àǹtí ń ronú sí i. Wọ́n á máa ro òróró, wọ́n á yíjú sí mi.

"Lateef, bí mo bá da eérú sórí èèpo mi, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Gọ́tà máa gba ibẹ̀."

"Kíṣìnnì ńkọ́?"

"A máa wó o."

"Bí mi ò bá dà á ńkọ́?"

Àwa méjèèjì mọ̀. Bí gọ́tà ò bá gba ọ̀dọ̀ wa, ìsàlẹ̀ ilé Fúnláyọ̀ ló máa yà gbà, omi kì í sì í ṣàn dáadáa níbi tí gọ́tà bá ti yà, púpọ̀ rẹ̀ á máa dà síbẹ̀. Ìyá Fúnláyọ̀ ò lè dìde. Apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lé, omi sì ti dé orí búlọ́ọ̀kù yẹn rí. Àǹtí ló bá Fúnláyọ̀ gbé ìyá náà jáde lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má já òun lulẹ̀.

Bàbá Àbọ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ń la àgbọn lọ́wọ́. Àǹtí gbé àpótí fún wọn, wọn ò jókòó.

"Rùkáyátù, wọ́n ní o ń ronú."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti fi òfin dè é ni?"

"Má ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra apá ibẹ̀ yẹn. Má da omi sórí ilẹ̀ bàbá mi."

"Ilẹ̀ bàbá wa, Ẹ̀gbọ́n."

Bàbá Àbọ̀ wo ilé ìdáná yíká. "Ibi tí o ń dáná sí yìí, ẹbí ló fún ọ. Yàrá tí o ń sùn sí náà, ẹbí ló fún ọ. O ti gbọ́ mi."

Wọ́n lọ. Àǹtí dúró sójú kan. Ìkòkò jóná lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rí i kí òróró jó mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Mo béèrè bóyá wọ́n ti lo oògùn wọn.

Wọ́n ní, "Oògùn ò mọ Bàbá Àbọ̀."

Mo ní kí wọ́n lò ó. Wọ́n ní àwọn á lò ó. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n lò ó.

Kó tó di ọjọ́ ìpàdé, Àyúbà ti tú ọ̀rọ̀ sígboro. Ó ní òun rí ike pupa nínú ọkọ̀ Tolúwani. Ó ní ọ̀dà ni. Ẹni tó bá fi ilé rẹ̀ hàn, ọjọ́ náà ni wọ́n máa kùn ún. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé, ẹnikẹ́ni ò kí Tolúwani. Wọ́n kàn ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀.

Àǹtí ló dìde. "Ọmọ mi, má bínú. Bá wa ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ."

Tolúwani wo ojú gbogbo wa. Ó ṣí i. Agbòòrùn wà níbẹ̀, bàtà òjò wà níbẹ̀. Ike pupa náà wà níbẹ̀. Àǹtí ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Bẹntiróò ni.

Tolúwani ní, "Ẹ tún wo abẹ́ àga."

Àyúbà lọ wo abẹ́ àga lóòótọ́. Fúnláyọ̀ ní, "O ò kúkú tú ẹ́ńjìnnì." Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí ọ̀dà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kan eérú. A tún abúlé yà, a gbé àgádágodo, ìdérí, èèpo àti fìlà sí àyè wọn. Abọ́ eérú wà láàárín. A ń wò ó.

Mo rí i tí Àǹtí wo Bàbá Àbọ̀. Bàbá Àbọ̀ náà ń wò wọ́n. Àǹtí bu eérú. Eérú ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n dà á láti ògiri ẹ̀sítéètì, wọ́n dà á kọjá lórí èèpo àgbọn, wọ́n dà á dé ọ̀sà.

Wọ́n ní, "Omi ń wọ ọ̀dọ̀ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń wọ̀ ọ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀."

Wọ́n jókòó.

Fúnláyọ̀ bu tirẹ̀, ó dà á sórí ìdérí ìkòkò. Àyúbà bu tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ta ọ̀rọ̀ yẹn sétí onílé òun. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń bu ú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, abúlé funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ti ń fi í pa mọ́ fún ilé kejì.

Fìlà Bàbá Àbọ̀ nìkan ni kò ní eérú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n dé e, wọ́n lọ.

Ìjiyàn wá bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà tí gọ́tà máa gbà. Ọ̀dọ̀ Àǹtí ló tọ́ jù. Gbogbo ènìyàn rí i. Àǹtí náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Níbo ni mo máa ti wá máa dáná?"

Ẹni tó lè dáhùn ti dé fìlà lọ.

Tolúwani ní òun máa lọ bá Bàbá Àbọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí. Ó ní ká tó gbẹ́lẹ̀, a máa tún pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i, ká tún wo ohun tí a yà bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá Bàbá Àbọ̀. Bàbá Àbọ̀ ní àwọn ti gbọ́. Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ.

Àǹtí ń retí èsì. Bí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbórí sókè. Wọ́n ní àwọn lè máa dáná níwájú ilé, ṣùgbọ́n èéfín á máa yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn lè lọ yá àyè ní Awoyaya. Wọ́n ní ẹbí ò lè lé àwọn. Wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ẹbí lè lé àwọn. Èsì ò dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí di ọjọ́ tí orí fọ́ wọn.

Bàbá Àbọ̀ sunkún níbi ìsìnkú. Mo rí i. Kì í ṣe ẹkún ẹnu. Wọ́n di ògiri mú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lateef, ọ̀rọ̀ eérú yẹn ti bá a lọ. Ìwọ ṣáà dákẹ́. A kì í ṣe ẹni tó máa wó kíṣìnnì òkú. Yàrá yẹn, máa gbé e."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Mo fẹ́ yàrá náà. Mi ò ní ibòmíràn.

Sátidé tí a máa wo ohun tí a yà, mo pẹ́ kí n tó dé. Wọ́n ti yà á tán. Fúnláyọ̀ ti wá èèpo àgbọn mìíràn, ó ti fi sí àyè Àǹtí. Ó fi òdòdó kékeré kan sínú rẹ̀. Mo wo eérú. Eérú ń bọ̀ tààrà láti ọ̀dọ̀ ẹ̀sítéètì, ó sún mọ́ èèpo yẹn, ó yà. Ó yí èèpo ká jẹ́jẹ́, ó gba orí ìdérí ìkòkò Fúnláyọ̀, ó lọ sí ọ̀sà. Fúnláyọ̀ fúnra rẹ̀ ló dà á bẹ́ẹ̀. Eérú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "A ò lè wó kíṣìnnì Àǹtí. Yanrìn ojú sàréè wọn ò tíì gbẹ."

Àyúbà ní, "Bí a bá wó o báyìí, á dà bí ìgbà pé a ti ń retí kí wọ́n kú."

Gbogbo wọn ń mi orí. Wọn ò ṣe é láti ṣẹ̀ mí. Wọ́n fẹ́ràn Àǹtí ni. Bàbá Àbọ̀ ti fi fìlà sílẹ̀ padà, sí àyè rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti bu ọlá fún òkú."

Tolúwani ń wo yanrìn. Ojú rẹ̀ pọ́n, òun náà ti sunkún. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń gbà?"

Gbogbo wọn wá ń wò mí.

Mo rí fìlà Bàbá Àbọ̀. Mo rí ìdérí ìkòkò Fúnláyọ̀ tí eérú ti bò. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, mo ní yàrá. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, bẹ́ẹ̀dì ìyá yẹn á léfòó. Òjò ń ṣú lápá òkun. Mo kúnlẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa eérú tó yà rẹ́. Mo bu òmíràn, mo dà á gba orí èèpo, òdòdó àti gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Kì í yà. Inú kíṣìnnì ló ń gbà."

Fúnláyọ̀ kígbe mọ́ mi. "Lateef, ìwọ ò nítìjú! Àǹtí rẹ lo ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí?"

"Ìyá yín ńkọ́?"

Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ìró bojú.

Bàbá Àbọ̀ mú fìlà wọn. Mo rò pé wọ́n máa lọ. Wọn ò lọ. Wọ́n gbé e lé orúnkún.

Wọ́n ní, "Mo bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá."

Ó parí síbẹ̀. Wọn ò sọ pé kí n jáde. Wọn ò sọ pé kí n máa gbé. Títí di òní, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rò pé àwọn ni.

Lọ́la la máa gbẹ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé wa. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ilé ìdáná. Láàárọ̀ yìí ni mo fúnra mi tú u. Mo ká páànù, mo yọ pákó, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ààrò ni mo fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ti di ilẹ̀ lásán. Ó kéré. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ojú ọ̀run ti dúdú. Kò tíì rọ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi búlọ́ọ̀kù kan síwájú mi. Àwọn ìṣó tí mo yọ ti wọ́. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù, mo fi òòlù lù ú títí ó fi nà. Mo sọ ọ́ sínú agolo. Mo mú òmíràn.